Orúkọ tí Ó Yẹ Àìsàn Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn baba wa ni ó wí bẹ́ẹ̀. Bí ó sì ti rí fún ọmọ ènìyàn náà ni ó rí fún iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, títí kan ọkọ̀ tí ń sáré lórí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní Ọjọ́ta, níbi tí títì Ìkòròdú ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó sì fetí sí ohun tí àwọn awakọ̀ ń bá àwọn mẹ́káníìkì, ọmọ Ògún Lákáayé, sọ nídìí iṣẹ́ wọn, yóò rí i pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe àìsàn mẹ́rin: ọkọ̀ ń fà sápá kan, àláímẹ́ǹtì ni, sítíárín wọ́, àláímẹ́ǹtì ni, táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àláímẹ́ǹtì ni, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ó bá ti sáré, àláímẹ́ǹtì náà ni. Abẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ tí kò náání iṣẹ́ rẹ̀ ń sá pamọ́ sí, nítorí pé ẹni tí kò lè dárúkọ ohun tí ń ṣe é kò lè jiyàn bí a bá ní a ti wò ó sàn.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí awakọ̀ ń dì mú. Sítíárín ni ará ìgboro ń pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nílé kí mọ́tò tó dé, èyíinì ni ìtọ́kọ̀, tí a rí nínú ìwé Jákọ́bù nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, fún ohun kékeré tí a fi ń darí ọkọ̀ ńlá lójú omi. Ẹni tí ó bá ní ti inú omi ni ìtọ́kọ̀, kí ó rántí pé ti inú omi ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rí, kí ó tó gòkè di ọkọ̀ ilẹ̀, kí ó tó di ọkọ̀ ojú irin nígbà tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, kí ó sì tó fò di ọkọ̀ òfurufú. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè, kí ni ìtọ́kọ̀ ń dúró ṣe lódò?

Àláímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, ìtò ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni n óò pè é, nítorí pé ẹsẹ̀ ni àwọn mẹ́káníìkì ń pe ohun tí ó gbé ọkọ̀ ró lórí táyà. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Àìrìnpọ̀ táyà ni ó sì ń jẹ ọlọ́kọ̀ lówó. Bí iwájú táyà méjèèjì bá súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn wọn lọ, ìkọjúsínú nìyẹn, tí í máa jẹ etí ìta táyà bí ó bá pọ̀jù. Bí iwájú wọn bá sì jìnnà síra ju ẹ̀yìn wọn lọ, ìkọjúsóde ni, etí inú ni ìyẹn ń jẹ. Bí orí táyà bá tẹ̀ sínú tàbí sóde, ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ó wá ku ti òpó tí táyà fi ń yí, tí a máa ń dá sẹ́yìn díẹ̀ kí ìtọ́kọ̀ lè máa padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Ìfẹ̀yìntì ni ìbá wọ ẹnu ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọkọ̀ ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìtẹ̀sẹ́yìn ló dára, tí òun àti ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò jọ máa rìn bí ìbejì.

Nígbà tí ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí ìtẹ̀sẹ́yìn apá ọ̀tún kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti apá òsì, ọkọ̀ a máa fà: ìfà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń lọ tààrà nígbà tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ dagun, kò fà rárá. Ẹni tí ó to ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò kọ́kọ́ de ìtọ́kọ̀ mọ́ àárín, tàbí kí ó jẹ́ taírọ́ọ̀dù, irin tí ó so ìtọ́kọ̀ mọ́ táyà, ti apá kan ni ó yí, tí ó fi èkejì sílẹ̀. Ìtọ́kọ̀ wíwọ́ ni kí a pe èyí. Ìgbọ̀n orí eré sábà máa ń jẹ́ ti ìwọ̀n táyà tí kò dọ́gba yíká, kì í ṣe ti ìtò ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lì jọ́ìnì, oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí ó ti jẹ kò sì ní jẹ́ kí ìtò kankan dúró. Ohun kan tún wà tí kì í ṣe àìsàn: a máa ń gbé àárín ọ̀pọ̀ títì ga kí omi lè ṣàn sí gọ́tà, àti pé láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì, apá ọ̀tún ni ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le ń rọra yẹ̀ sí. Ìsún ni kí a pe èyí, kí a má baà sanwó ìfà nítorí ìsún.

Ẹ ó ti rí i pé n kò fọwọ́ kan taírọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lì jọ́ìnì. Ohun tí a ń rà lọ́jà, orúkọ tí ọlọ́jà mọ̀ ọ́n sí ni kí ó máa jẹ́. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ̀ṣẹ̀dá lọ sí ọjà Ládipọ̀ ní Mushin, ọwọ́ òfo ni yóò gbé bọ̀. Àìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀ ni ó ń fẹ́ orúkọ Yorùbá, nítorí pé àwọn ni a ń jiyàn lé lórí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe tiwọn: Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, Apá Kìíní, ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti Apá Kejì ní 1990, fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Àwọn ará ìgboro náà kò jókòó: àwọn ni wọ́n mú orúkọ ọmọ tí a bí lókè òkun, Tòkunbọ̀, fún ọkọ̀ àlòkù tí ó ti òkè òkun dé, tí wọ́n sì fi Màrúwá pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nítorí Buba Marwa, tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó bá wọn fọwọ́ sí i.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí awakọ̀ bá lè wí pé, "Ọ̀gá, ẹ ti tún ìkọjúsínú ṣe, ṣùgbọ́n ìtọ́kọ̀ ṣì wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà dè é mọ́ àárín," ọ̀gá náà kò tún ní lè ní kí ó lọ ra táyà tuntun. Níbẹ̀ sì ni kí a ti dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò: èyí tí ọmọ iṣẹ́ Ọjọ́ta bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí òun náà sì fi dá oníbàárà mìíràn lóhùn, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, èyí tí a bá ní láti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé e, kí a dà á nù, kí èmi tí mo dá a sì wá òmíràn.