Lámilámi pupa ti Hàwáì

Láàárín agbami òkun Pàsífíìkì, ní àwọn erékùṣù Hàwáì, ìdílé lámilámi tín-ín-rín kan wà tí a kì í rí níbòmíràn láyé. Megalagrion ni àwọn onímọ̀ ń pè é; irú tó wà nínú rẹ̀ lé ní ogún. Megalagrion xanthomelas jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4. Akọ rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, dúdú sì là á lára. Àwọ̀ abo kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pe irú wọn ní pinao ʻula, ìyẹn lámilámi pupa.

Àwọn ẹbí rẹ̀ kan máa ń ṣa ibi tí wọ́n máa gbé gan-an. Inú omi òjò tó dúró sí ìdí ewé ni àwọn kan ń yé ẹyin sí. Ti M. oahuense tilẹ̀ yani lẹ́nu: ọmọ rẹ̀ kúrò lómi pátápátá, abẹ́ ewé jíjẹrà tó tutù nínú igbó ló ń gbé. Xanthomelas kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀. Odò tó ń rọra ṣàn, adágún, kòtò etí òkun tí omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń pàdé, gbogbo rẹ̀ ló bá a lára mu. Nígbà tí R. C. L. Perkins, onímọ̀ kòkòrò, dé Hàwáì ní 1892, kòkòrò yìí wọ́pọ̀ nínú ọgbà ilé ní Honolulu.

Bí abo bá fẹ́ yé, yóò fi ìdí gún ara ewéko inú omi, yóò sì ki ẹyin bọ̀ ọ́. Akọ tó dì í mú kì í tú u sílẹ̀ títí yóò fi parí. Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin á pa. Ọmọ náà á máa fi ẹ̀yà ara mẹ́ta tó pẹlẹbẹ bí ewé ní ìdí rẹ̀ mí, á máa ṣọdẹ tánwíjí àtàwọn kòkòrò kéékèèké mìíràn. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin, yóò gun koríko jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, yóò fò lọ.

Ní 1905 ni wọ́n kó ẹja Gambusia wá sí Hàwáì láti Texas kí ó lè máa jẹ tánwíjí. Ẹja náà kò mọ ọmọ lámilámi yàtọ̀ sí tánwíjí, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Ní erékùṣù Kauai, xanthomelas ti pa rẹ́. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bò ó. Odò kékeré kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn ológun Tripler, tí kò ju nǹkan bí 95 mítà lọ, ni ibùgbé tó kù fún un ní erékùṣù Oʻahu nígbà náà. Bí ọ̀dá bá dá, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń tú sínú odò náà kó má baà gbẹ.