Èèwọ̀ Ni Òṣùwọ̀n: Ìdọ́gba Agbára Àwọn Oṣó Nínú Eré Akọni Orí Tábìlì

Láti ọdún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé Dungeons & Dragons (D&D) jáde ní Amẹ́ríkà ni awuyewuye kan ti wà láàárín àwọn tó ń ṣe eré akọni orí tábìlì: báwo ni oṣó àti jagunjagun yóò ṣe jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan di ẹrù sí èkejì lọ́rùn? Nínú irú eré yìí, oníkálùkù a mú akọni kan, olùdarí eré a máa ròyìn ibi tí wọ́n dé, wọn a sì da dáìsì kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yọrí sí. Irú akọni mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn: jagunjagun, oṣó àti àlùfáà. Ọfọ̀ kan ṣoṣo ni oṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè pè lójúmọ́. Tó bá ti pè é tán, ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sá sí títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Bó bá wá gòkè díẹ̀, ọfọ̀ rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, iná tó ń jù á máa gba dáìsì kan kún ti tẹ́lẹ̀ ní ipele kọ̀ọ̀kan, nígbà tí jagunjagun ṣì ń fi idà ṣá ọ̀tá kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn tó ń ṣe ìwé òfin eré ti ń wá ojútùú. Ohun tí mo rí ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni kò tọ̀nà. Bí agbára ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wọ̀n. Ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀n ni ibi tí agbára náà pin sí àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú ìtàn àti nínú ìṣe wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ti dán wò. Nínú ìwé òfin ti ọdún 1978, ìdádúró ni wọ́n lò: olè, tó ti di irú akọni nígbà náà, nílò nǹkan bí 1,250 àmì ìrírí kó tó bọ́ sí ipele kejì, jagunjagun nílò 2,000, oṣó sì nílò 2,500. Ní ọdún 2000, wọ́n fi gbogbo wọn sórí àtẹ kan náà, ìjánu sì já. Àlùfáà àti druid, ìyẹn àlùfáà inú igbó, di ẹni tó lè jà bíi jagunjagun, tó sì tún ń pe ọfọ̀ lé e. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé ìgbésẹ̀ tó le jù: wọ́n fún gbogbo irú akọni ní agbára tí wọ́n lè lò nígbàkigbà, èyí tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà kan, àti èyí tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Lórí ìwé, ìṣirò náà dọ́gba. Àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣèré figbe ta pé oṣó àti jagunjagun ti di ohun kan náà tí a kàn fún ní orúkọ méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọrí sí eré Pathfinder tó jáde ní 2009 lórí òfin àtijọ́. Ní 2014, àtúnṣe kan tó kéré lójú wọlé: púpọ̀ nínú ọfọ̀ tó lágbára ń béèrè pé kí oṣó pa ọkàn pọ̀, kò sì lè di irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá gbá a, ọkàn rẹ̀ lè fò, kí ọfọ̀ náà sì já. Nínú gbogbo àtúnṣe wọn, èyí ló sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí pé ààlà ló fi sí agbára, kò bu agbára kù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú eré Gygax ni D. O. Fágúnwà ti kó ẹgbẹ́ akọni jọ nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Àwọn méje ló forí lé Òkè Láńgbòdó. Àkàrà-ògùn, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọdẹ olóògùn, ló ní oògùn lára jù. Kàkó ní kùmọ̀ àti apá tó ń jù ú. Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Èfọ̀ìyè jẹ́ tafàtafà. Ara Àràmàdà-òkùnrin ní tirẹ̀ máa ń gbóná nígbà òtútù, ó sì máa ń tutù nígbà ooru. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀n wọ́n, ẹgbẹ́ yìí kò dọ́gba rárá: ìpalára mélòó ni orin lè ṣe, ta ni yóò sì yan ara tútù nígbà tí oògùn wà nílẹ̀? Síbẹ̀, òǹkàwé kì í rò pé ẹnì kan nínú wọn kò wúlò. Ohun tó fa èyí ni pé agbára kọ̀ọ̀kan ní ibùjókòó tirẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó lè gba ibùjókòó èkejì. Gbogbo oògùn Àkàrà-ògùn kò sọ ọ́ di ẹni tó gbọ́ èdè ẹranko. Oṣó inú D&D, ní tirẹ̀, lè rí ọfọ̀ tí yóò ṣí ilẹ̀kùn tí olè fẹ́ ṣí, èyí tí yóò mú un fò, àti èyí tí yóò jà. Ibi tí àìdọ́gba ti wá gan-an nìyẹn. Títóbi iná rẹ̀ kọ́.

Yàtọ̀ sí ààlà, iye owó tún wà. Ọdẹ tó ní àféèrí tàbí egbé mọ̀ pé oògùn náà ní èèwọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ tàbí ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bó bá tẹ èèwọ̀ lójú, oògùn bàjẹ́. Kódà kí oògùn tó di oògùn, ewé àti ọ̀rọ̀ ní láti bára mu. Pierre Verger fi èyí hàn kedere nínú ìwé rẹ̀ Ewé tó jáde ní 1995: ohun tí ọfọ̀ ń pàṣẹ máa ń jẹ mọ́ orúkọ ewé tí a já. Ẹni tó ní ewé láìní ọ̀rọ̀ kò ní nǹkan kan. Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta tilẹ̀ fi owó gidi kà á nínú The Palm-Wine Drinkard ní 1952: akọni rẹ̀ ta ikú ara rẹ̀ ní £70 18s 6d, ó sì yá ẹ̀rù rẹ̀ fún ẹlòmíràn pẹ̀lú èlé £3 10s lóṣooṣù. Nígbà tó gba ẹ̀rù rẹ̀ padà, kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè bà á. Mi ò mọ òfin eré kankan tó wọn àìkú dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, tàbí létí ọ̀sà ní Ogun Waterside, kò ní rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àsọdùn, nítorí pé ọdún Agẹmọ tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú ń fi í hàn lọ́dọọdún. Mẹ́rìndínlógún ni àwọn Alágẹmọ, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú tirẹ̀ wá sí Ìmọ̀sàn. Tami ti Òdogbolú ni olórí wọn, ṣùgbọ́n jíjẹ́ olórí kò sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣe ti àwọn yòókù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, obìnrin kò gbọ́dọ̀ wò wọ́n; bí àsìkò bá sì kọjá, èèwọ̀ yẹn náà kọjá.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn àròsọ kì í ṣe eré, pé Fágúnwà ló ń wá àyè fún akọni kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni pé òǹkọ̀wé ní ọwọ́ tí òfin kò ní. Ṣùgbọ́n eré Ars Magica ti 1987 fi hàn pé òfin lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn: ó gbà pé oṣó lágbára ju gbogbo èèyàn lọ, ó wá ní kí òṣèré kọ̀ọ̀kan ní oṣó kan àti àwọn akọni mìíràn, kí wọ́n sì máa yí ipò padà láàárín ara wọn.

Àtakò tó wúwo jù ni pé èèwọ̀ kì í mú ìdọ́gba wá, nítorí pé òṣèré á gbàgbé rẹ̀, olùdarí á sì ṣàánú rẹ̀. Àwọn alátakò tọ́ka sí druid tí òfin àtijọ́ kò gbà láyè láti wọ ẹ̀wù irin: ta ló ti pàdánù ìjà nítorí ìyẹn? Mo gbà pé èèwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè lò mọ́ni lọ́wọ́ kò wúlò. Ṣùgbọ́n ìtàn Mọremí, akọni obìnrin Ifẹ̀, dá wọn lóhùn. Àwọn Ùgbò tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rù ń gbé koríko wọ̀, àwọn ará Ifẹ̀ sì rò pé ẹbọra ni wọ́n. Mọremí jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó padà wálé sọ pé iná ló lè kápá wọn. Kò pe ọfọ̀ kan láti tú àṣírí yẹn. Bí òfin bá jẹ́ kí èèwọ̀ oṣó di ohun tí amí lè wá kiri, tí olè lè jí, tí ọ̀tá sì lè rà, nígbà náà ni ẹni tí kò ní oògùn á ní iṣẹ́ gidi níbi tí oògùn wà. Eré Call of Cthulhu ti ṣe apá kan nínú èyí láti 1981: níbẹ̀, ọfọ̀ ń jẹ nínú làákàyè ẹni tó ń pè é, kò sì sí òṣèré tó lè díbọ́n pé òun gbàgbé.

Àwọn mìíràn á ní ohun mímọ́ kì í ṣe ohun eré. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù yẹn, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni kọ ọfọ̀ gidi tàbí ìṣe inú igbó Agẹmọ sínú ìwé òfin. Bí agbára ṣe ń ní ààlà là ń yá lò, a kò yá ohun inú awo. Wálé Ògúnyẹmí ti gbé ìrìn àjò àwọn ọdẹ Fágúnwà sórí ìtàgé nínú eré Langbodo fún àjọ̀dún àṣà FESTAC ní Èkó ní 1977, kò sì ba ohunkóhun jẹ́.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe géèmù orí tábìlì fúnra wọn. Ilé-iṣẹ́ NIBCARD Games tó wà ní Àbújá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo rọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá àti kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè pé kí wọ́n gbé ìwé Fágúnwà sórí tábìlì, kí wọ́n sọ àwọn ọdẹ méje yẹn di akọni eré, kí wọ́n kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè ṣe àti ohun tó lè ba agbára rẹ̀ jẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó pinnu iye dáìsì tí ẹnikẹ́ni yóò dà.