Ọ̀wẹ̀ Aro

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ láti ẹ̀yìn wá. Ilé wèrè ni ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ kọ́. 1907 ni wọ́n ṣí ti Yábàá. Ìhámọ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìwòsàn lọ.

Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo gba ọ̀nà mìíràn ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Ó fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, á máa se oúnjẹ fún un, á máa mú un lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Ìjọba pèsè dókítà, abúlé pèsè yàrá, wọ́n sì ń gba owó ilé, ẹbí wá mú ọwọ́ tiwọn wá. Lójú tèmi, ọ̀wẹ̀ gan-an nìyẹn.

Lónìí, ẹni tó bá gbé aláìsàn láti Obbo-Aiyegunle lọ sí Ìlọrin, òun nìkan ló ń ro oko náà: owó ọkọ̀, owó káàdì, owó òògùn, àti iṣẹ́ ọjọ́ tó pa tì. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n òfin kì í san owó ọkọ̀. Ibi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ ọmọ níbí ló yẹ kí òògùn náà wà.