Hubert Ògúndé: Ọ̀nà jíjìn tí olùkọ́ àti ọlọ́pàá kan rìn kó tó di baba eré orí ìtàgé

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá ń wá ẹni tí òwe yìí bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu láàárín àwọn òṣèré ilẹ̀ Yorùbá, kò sí bí wọn kò ṣe ní í kọ́kọ́ dárúkọ Olóyè Hubert Ògúndé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú fíìmù nìkan rò pé iṣẹ́ òṣèré ni wọ́n bí i bá, nítorí wọ́n rántí babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ wọ̀jà nínú 'Aiyé'. Ṣùgbọ́n kí ó tó di òṣèré, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ilé ìwé, ó ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti wọ aṣọ ọlọ́pàá fún ọdún bíi mẹ́rin. Nígbà tó tilẹ̀ wá di òṣèré tán, kò dúró sójú kan. Bí àwọn ènìyàn bá ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ni ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí òmíràn tí kò tí ì dán wò rí. Èrè wà nínú ìwà yìí, ìyà rẹ̀ náà kò kéré.

Ní Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1916. Ọ̀nà méjì ló ti ṣí sílẹ̀ fún un láti ìgbà èwe. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni baba rẹ̀, babaláwo sì ni baba ìyá rẹ̀. Bí ó ti ń gbọ́ orin ìsìn ni ó ń gbọ́ ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, bí ó ti ń wo àjọ̀dún Kérésìmesì ni ó ń bá àwọn eléégún rìn. Àwọn kan ì bá sọ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde. Ògúndé kò ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló kó méjèèjì pamọ́ sínú, nígbà tí àkókò sì tó, méjèèjì ló fi ṣe eré.

Ó lọ sí ilé ìwé ní Òsósà, ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún 1933, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Láyé ìgbà náà, ẹni ńlá ni tíṣà láàárín ìlú, òun náà ló sì máa ń jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Ògúndé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ogún ohùn jọ kí wọ́n sì dún bí ẹyọ kan, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ orin fúnra rẹ̀. Ìbá jẹ́ pé ìtẹ́lọ́rùn lásán ló ń wá ni, ìbá ti dúró síbẹ̀ dọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1941, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ di ọlọ́pàá ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí ló gbé e dé Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà fún un. Ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀, ìjọ náà sì ń wá ọ̀nà láti kó owó jọ. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá tó mọ orin yìí bá wọn ṣètò eré kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, wọ́n ṣe 'The Garden of Eden and the Throne of God'. Inú Bíbélì ni ìtàn rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ìlù, ijó àti ìṣesí àwọn òṣèré rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé. Èrò tó wá kò fẹ́ lọ sílé mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, ariwo rẹ̀ sì gba ìlú kan.

Lẹ́yìn èyí ni Ògúndé ṣe ohun tí àwọn ènìyàn rò pé orí rẹ̀ ló dàrú. Ní ọdún 1945, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ká má gbàgbé pé iṣẹ́ ìjọba ni, owó oṣù ń wọlé, ogun àgbáyé kò sì tí ì tán tí ọjà fi ń wọ́n. Lójú àwọn òbí nígbà náà, alágbe ni ẹni tó bá fi orin àti ijó ṣe oúnjẹ òòjọ́. Òun kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní African Music Research Party, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ oníwàádìí orin ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì sọ eré di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Láti ìgbà náà ni eré Yorùbá ti kúrò ní ọwọ́ ìjọ Ọlọ́run nìkan, tó di òwò tí ènìyàn lè fi bọ́ ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi yí ojú kúrò ní ìtàn Bíbélì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé owó oṣù wọn kò ká oúnjẹ mọ́, ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà sì ju oṣù kan lọ. Kí ọdún náà tó parí, Ògúndé ti gbé 'Strike and Hunger' sórí ìtàgé. Nígbà tó gbé eré náà dé Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1946, àwọn aláṣẹ mú un, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ọlọ́pàá àná di ẹni tí ọlọ́pàá ń lé kiri. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún ní ibi ìwakùsà èédú ní Enugu ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó tún ṣe 'Bread and Bullet' ní ọdún 1950. Wọ́n fòfin de ìyẹn náà ní Kánò.

Ohun tuntun mìíràn tó dáwọ́ lé ni gbígba obìnrin sí iṣẹ́ eré gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń gbowó. Nígbà tó ń múra 'Tiger's Empire' sílẹ̀ ní ọdún 1946, ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn òṣèrébìnrin. Kò sí òbí tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yọjú. Ó wá yí ìpolówó náà padà, ó ní akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Àwọn ọmọbìnrin yọjú wàyí, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀tàn ni lóòótọ́, àwọn òbí kan kò sì fojú rere wò ó. Nítorí kí àwọn òṣèrébìnrin tó ti kọ́ má baà máa fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sílé. Bí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ṣe di agbo ilé nìyẹn, tí àwọn ìyàwó àti ọmọ jọ ń jó, tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà láti ìlú dé ìlú.

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ní ọdún 1947, Ògúndé àti ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kọ́ ijó àwọn òyìnbó, wọ́n sì wo bí wọ́n ṣe ń ṣe eré lọ́hùn-ún. Nígbà tó padà dé, ó fi díẹ̀ nínú ohun tó rí kún tirẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà yí padà. Ó di Ogunde Theatre Party, nígbà tó sì di ọdún 1950 ó di Ogunde Concert Party. Fèrè saxophone àti gìtá wọ inú eré rẹ̀, ijó ọ̀dọ́ ìgbàlódé wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orin ni wọ́n fi ń sọ ìtàn láti òkè dé ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu tí àwọn òṣèré ń hun bí wọ́n ti ń lọ gba ipò orin náà. Àwọn kan ní ó ti ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n èrò kò yéé kún gbọ̀ngàn.

Ọdún 1964 ni ìdánwò tó le jù dé bá a. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Olóyè S. L. Akíntọ́lá sì ni olórí ìjọba ẹkùn náà. Àwọn tó sún mọ́ ìjọba ní kí Ògúndé wá ṣe eré níbi àpéjọ àwọn. Eré tó gbé lọ ni 'Yorùbá Ronú', ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ tí ọ̀tá fi mú un, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì di ẹrú ní ilé ara wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Akíntọ́lá fi ìbínú dìde kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa. Ìlú bí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Oǹdó, Ìjẹ̀bú-Òde àti Oṣogbo ni ọjà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́ ìta àwọn ìlú wọ̀nyí, oúnjẹ ẹgbẹ́ àti ti agbo ilé rẹ̀ ni wọ́n gbà. Ògúndé ì bá ti lọ tọrọ àforíjì, kí ó padà sí ìtàn Ádámù àti Éfà tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ṣe eré mìíràn, ó pè é ní 'Òtítọ́ Korò'. Ó ń ṣeré ní Èkó àti ní àwọn ibòmíràn tí òfin náà kò dé, wọ́n sì ń gbé àwo orin 'Yorùbá Ronú' sétí nínú ilé. Ọdún 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba, lábẹ́ Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò lórí rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ó ṣojú Nàìjíríà níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal, ní orílẹ̀-èdè Kánádà.

Ẹni tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ti lókìkí, tó sì ní ọkọ̀ àti ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ fún un, kí ló tún kù tó ń wá? Fíìmù ni. Ní ọdún 1979, pẹ̀lú Ọlá Balógun gẹ́gẹ́ bí olùdarí, ó sọ eré rẹ̀ 'Aiyé' di sinimá. Ohun tí ìtàgé kò lè fi hàn, bí ènìyàn ṣe ń pa ara dà tàbí tí ń pòórá lójú ẹni, ẹ̀rọ ayàwòrán fi í hàn. Èrò rọ́ lọ wò ó bí omi. Ó tún ṣe 'Jáiyésinmi' ní ọdún 1980, 'Àròpin N'Tènìyàn' ní ọdún 1982, àti 'Àyànmọ́' ní ọdún 1988. Ibi yìí ni ìmọ̀ tó kó jọ láti ilé baba ìyá rẹ̀ ti wúlò jù lọ, nítorí Ifá, ọfọ̀ àti ìbọ ló gbé àwọn fíìmù náà ró.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà yẹ ní wíwò. Àwọn olórí ẹgbẹ́ eré mìíràn náà wọ iṣẹ́ fíìmù. Owó ńlá ni fíìmù ń gbà, ewu rẹ̀ kò sì kéré, gẹ́gẹ́ bí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe rí i nígbà tí àwọn olè ṣe ayédèrú ẹ̀dà 'Ọ̀run Móoru' tó jáde ní ọdún 1982, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré lójúkojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, ọkọ̀ eléré tí àwọn ọmọdé máa ń sáré tẹ̀ lé kò sì yọ ní ìgboro mọ́. Ẹni tó kọ́ ọjà náà wà lára àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn tí èrò gbà jáde kúrò níbẹ̀. Èyí kò sọ Ògúndé di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tó ń fi hàn ni pé ohun tuntun kì í dé kó má gbé nǹkan lọ.

Bóyá òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò pa ijó àti ìlù tì. Ní ọdún 1986, nígbà tó pé ẹni àádọ́rin ọdún, ìjọba àpapọ̀ ní kí ó kó àwọn oníjó àti onílù jọ láti gbogbo ìpínlẹ̀ sí agbo kan. Ẹni tó ti fi ọdún tó lé ní ogójì ṣe eré ní èdè Yorùbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ijó Tiv, ti Ígbò àti ti Hausa. Inú iṣẹ́ yìí ni eré 'Destiny' ti jáde, òun ló sì di ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá, bí kò tilẹ̀ wọ yunifásítì rí.

Títí dé òpin ni kò sinmi. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó gbà láti kópa nínú 'Mister Johnson', fíìmù èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Bruce Beresford darí, tí wọ́n yà ní òkè Ọya. Ọ̀gá tó ti ń pàṣẹ fún òṣèré láti ọdún 1945 tún di ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kí ó dúró níhìn-ín, kí ó wo ọ̀hún. Kò pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ náà ni ó jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹrin ọdún 1990, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n gbé e wá sílé, sí Òsósà níbi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹ̀rẹ̀ Ifá àti orin ìsìn.

Bí a bá wo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò jọ ẹni pé ńṣe ló ń ṣáko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orin tó kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ eré, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló gbé e dé Èbúté-Mẹ́ta tí ọ̀nà eré ti là fún un, ilé baba ìyá rẹ̀ ló sì ti mú Ifá tó fi ṣe fíìmù. Kò sí ibi tó yà sí tí kò mú nǹkan bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ló tọ̀, ọjà kan náà ni gbogbo wọn wọ̀.