Bí Lẹ́tà Yorùbá Ṣe Bá Ìpinnu Àtijọ́ Pàdé Nínú Kọ̀ǹpútà

Kí bíríkìlà tó fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀ ni ó yẹ kí onílé yẹ àwòrán ilé wò. Bí a bá ti kan òrùlé tán kí a tó rántí pé a kò ṣe ọ̀nà àbáwọlé fún ìyá arúgbó, ògiri ni a ó wó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò kọ̀ǹpútà rí. Ìpinnu ọjọ́ kìíní ni ó ṣòro jù lọ láti yí padà, nítorí pé òun ni gbogbo èyí tí a kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ dúró lé. Àpẹẹrẹ tí mo mú wá kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó kọ̀wé ní láti kọ́kọ́ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní ọdún 1963, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé irú ìpín bẹ́ẹ̀ jáde, èyí tí a ń pè ní ASCII. Àwọn ènìyàn náà kì í ṣe òpè rárá. Wọ́n jiyàn gidigidi lórí iye bíìtì tí yóò dúró fún lẹ́tà kan. Mẹ́fà yóò fún wọn ní àyè 64 péré, yóò sì béèrè àmì àkànṣe tí yóò máa sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó yí padà láti ọ̀wọ́ kan sí èkejì. Bí àmì náà bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e dàrú. Mẹ́jọ pọ̀ jù lójú wọn, nítorí pé owó ni a fi ń rán bíìtì lórí wáyà. Wọ́n fẹnu kò sí méje, àyè 128. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn kò tilẹ̀ ní lẹ́tà kékeré; ẹ̀dà 1967 ni ó fi wọ́n sí i.

Ìwé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ṣètò fún, orúkọ ètò náà gan-an sì sọ bẹ́ẹ̀. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni ó jogún ìpín wọn. Ìpàdé Èkó ti 1875 ti fẹnu kò lórí ẹ, ọ àti ṣ ní ọdún 88 ṣáájú ASCII, síbẹ̀ kò sí àyè kan fún wọn níbẹ̀. Nígbà tí a sọ bíìtì di mẹ́jọ nínú ìlànà ISO 8859-1 ní 1987, àwọn Faransé rí é tiwọn. Àwa kò rí ẹ. Àwọn tí ń ṣe lẹ́tà Yorùbá fún kọ̀ǹpútà wá ń já àyè gbà lọ́wọ́ àmì mìíràn. Ìwé tí ó dán mọ́rán lórí ẹ̀rọ kan a di wúruwùru lórí òmíràn.

Ní 1988, Joe Becker ti ilé iṣẹ́ Xerox dábàá Unicode: nọ́ńbà kan ṣoṣo fún àmì kọ̀ọ̀kan, fún gbogbo èdè, pẹ̀lú bíìtì 16. Ìbéèrè tirẹ̀ gbòòrò, ó sì tọ́. Ìṣirò rẹ̀ ni kò tó: àyè 65,536 kò gba ìwé ayé, ní 1996 a sì ní láti fẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ó gbà wá là ni pé Unicode jẹ́ kí àmì ohùn dá dúró, kí ó lè gun orí lẹ́tà èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n kí àwọn ìlànà àtijọ́ má baà di asán, ó tún gba é wọlé ní odidi. Ẹ àti ọ náà wọlé ní odidi ní 1993, wọ́n sì wà lára lẹ́tà àwọn ará Vietnam. (Àmì ohùn ni ẹsẹ̀ abẹ́ yìí lọ́dọ̀ tiwọn! Tiwa ń gun orí, tiwọn yìí ń jókòó sísàlẹ̀.) Ẹ́ kò ní odidi tirẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ọ́: ẹ pẹ̀lú àmì òkè, é pẹ̀lú àmì abẹ́, e pẹ̀lú àmì méjèèjì, abẹ́ ṣáájú tàbí òkè ṣáájú. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. A kò sì lè sọ ọ́ di odidi mọ́ kí ó rọrùn, nítorí pé ìlànà ìdàpọ̀ lẹ́tà ti dúró sórí ẹ̀dà 2001, kí ìwé tí a ti fi pamọ́ má baà yí padà.

Ní 1994, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh wà lára wọn, tẹ ọ̀nà ìgbéyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n pè ní SAAM. Wọn kì í béèrè bóyá àgbékalẹ̀ kan dára. Wọ́n ń pe gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó, kí kálukú sọ ohun tí yóò fẹ́ ṣe lọ́la. Wọn a wá fi ìfẹ́ kọ̀ọ̀kan rin inú àwòrán náà, wọn a sì ka iye ibi tí yóò fọ́. Lójú tèmi, ìdí pàtàkì rẹ̀ ni àwọn tí a pè. Ká ní olùkọ́ kan láti Ìbàdàn wà nídìí tábìlì, ìbéèrè rẹ̀ ìbá kúrú: "Bí mo bá wá ọkọ́ nínú ìwé tí ẹlòmíràn tẹ̀, ṣé n ó rí i, tàbí ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko ni ẹ ó kó fún mi?"

Ètò tí ó bá fẹ́ dáhùn dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀nà mẹ́rin yẹn di ọ̀kan, kí ó tó fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè dán an wò: ẹ tẹ "ẹ́" ní ọ̀nà méjì nínú ìwé kan, kí ẹ fi ọ̀kan wá èkejì. Bí ẹ̀rọ bá ní òun kò rí i, ẹni tí ó ṣe ètò náà ti fo ìgbésẹ̀ yẹn.