Ẹkùn Ni Tàbí Ènìyàn? Ọ̀ràn Ìpànìyàn ní Ilẹ̀ Annang, 1945 sí 1948

Àwọn baba wa a máa wí pé: Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ń fi í parí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, níbi tí ẹ̀mí ènìyàn gbé wà lórí òṣùwọ̀n, ó di ohun ẹ̀rù. Ìtàn tí èmi yóò sọ yìí yóò fi í hàn.

Àwọn ará Annang, tí í ṣe ìbátan àwọn Ibibio, ń gbé ní ilẹ̀ tí a ń pè ní ẹkùn Calabar nígbà náà, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí. Láti ọdún 1945 ni a bẹ̀rẹ̀ sí rí òkú ènìyàn lójú ọ̀nà oko àti lẹ́bàá igbó ọ̀pẹ, tọkùnrin, tobìnrin, àti ọmọdé, tí a fa ọrùn àti orí wọn ya. Kí ọdún 1948 tó parí, iye òkú tí àwọn ọlọ́pàá kà súnmọ́ 200.

Ta ni ó pa wọ́n? Àwọn kan wí pé ẹkùn inú igbó ni, nítorí ẹkùn kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ náà, a sì dẹ tàkúté fún wọn, a sì yìnbọn pa nínú wọn. Àwọn mìíràn dárúkọ ekpe-owo, èyí tí í ṣe ẹkùn-ènìyàn ní èdè wọn: ẹni tí a gbàgbọ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ lè wọ inú ẹranko lọ ṣe ọṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá wí pé ojú ọgbẹ́ púpọ̀ dàbí ti ọ̀bẹ, àti pé ènìyàn ni ó ń ṣe bí ẹkùn.

Ìjọba kò gbàgbé ọ̀ràn Sierra Leone, níbi tí a ti ṣe òfin lòdì sí ẹgbẹ́ ẹkùn-ènìyàn ní ọdún 1895, tí a sì gbé ilé ẹjọ́ pàtàkì kalẹ̀ ní ọdún 1912 sí 1913. Nítorí náà wọ́n ń wá ẹgbẹ́ awo ní Annang pẹ̀lú. Wọ́n fura sí Idiong, ẹgbẹ́ àwọn aláfọ̀ṣẹ, wọ́n sì fi òfin dè é ní ọdún 1947. A yẹgi fún ọkùnrin 77.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó jáde nínú ẹjọ́ wọnnì: ìjà lórí gbèsè, lórí owó orí ìyàwó, àti lórí ilẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ pé aládùúgbò ni ó pa aládùúgbò rẹ̀, ìgbàgbọ́ àtijọ́ di aṣọ tí apànìyàn fi bora. Bí gbogbo ìlú bá ti ké pé ẹkùn ni, ta ni yóò tún bèèrè ibi tí ajigbèsè wà ní ìrọ̀lẹ́ àná?

Síbẹ̀ aṣọ náà lójú méjì. Ẹni tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ awo ni ó wà nídìí ohun gbogbo lè rí ọwọ́ ènìyàn níbi tí eyín ẹranko gbé ṣiṣẹ́. Àwọn aláṣẹ pàápàá ń bá ara wọn jiyàn lórí èyí, àwọn onítàn sì ń jiyàn rẹ̀ títí di òní. Kò ha yẹ kí ẹ̀rù bà wá láti rò pé ó lè jẹ́ pé aláìṣẹ̀ wà nínú àwọn 77 náà?

Ní ọdún 1947 kan náà, àwọn aṣojú Ẹgbẹ́ Ibibio rin ilẹ̀ náà láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìpakúpa náà rọlẹ̀ ní ọdún 1948.

Òfin Mose béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kí a tó dá ènìyàn lẹ́bi. Àwa tí a wà ní Gbaji àti ní agbègbè Àgbádárìgì nílò òfin náà, nítorí a kò ṣàìmọ ìyá arúgbó tí a nawọ́ sí nígbà tí ikú òjijì dé. Kí a tó sọ pé àjẹ́ àná ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó rí i? Irú ọgbẹ́ wo ni ó wà lára òkú? Ta ni ó ń bá a jà? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí a pa ẹnu mọ́, kí a má ba fi ikú kejì kún ti ìṣáájú.