Elenydd: Òkè Tí A Pè Ní Aṣálẹ̀

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Wales, láàrin ìlú Rhayader ní ìlà-oòrùn àti ìlú Tregaron ní ìwọ̀-oòrùn, ni òkè gbalasa kan wà tí a ń pè ní Elenydd. Igi kò pọ̀ níbẹ̀. Koríko líle, ẹrọ̀fọ̀ àti òkúta ni ojú ń rí. Òjò a máa rọ̀ lemọ́lemọ́, ìkùukùu a sì máa bo orí òkè. Àwọn arìnrìn-àjò kan pè é ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Wales. Orúkọ náà kò bá a mu rárá. Ọwọ́ ènìyàn ti kan ilẹ̀ náà láti ìgbà láéláé, ìtàn rẹ̀ sì fi hàn pé ẹni tí ó bá pe ilẹ̀ ní òfìfo kì í pẹ́ kí ó tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé orí rẹ̀.

Ní ọdún 1164 ni a dá ilé àwọn mọ́ńkì Cistercian tí ń jẹ́ Strata Florida sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè náà. Agbo àgùntàn ni ọrọ̀ wọn, irun àgùntàn sì ni òwò wọn. Ní ọdún 1539, Ọba Henry Kẹjọ tú ilé wọn ká, ṣùgbọ́n àgùntàn kò kúrò lórí òkè. Ibùgbé méjì ni àwọn darandaran ní: hendre ni ilé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní ìgbà òtútù, hafod sì ni ahéré orí òkè tí wọ́n ń kó ẹran lọ ní ìgbà ooru. Ẹnu àwọn ẹran wọ̀nyí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí igi hù.

Lábẹ́ koríko náà ni ilẹ̀ dúdú kan wà, tí í ṣe òkú ewéko tí omi kò jẹ́ kí ó jẹrà tán láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá. Nígbà kan rí, àwọn ará òkè a máa gé e, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì fi dáná. Ilẹ̀ yìí a máa fa omi mu bí kànìnkànìn, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú odò.

Omi yìí ni ìlú Birmingham fojú sí. Omi tirẹ̀ ti dọ̀tí, àrùn inú rẹ̀ sì ń pa àwọn tálákà. Ní ọdún 1892, Ilé Aṣòfin ní London fún ìgbìmọ̀ ìlú náà láṣẹ láti gba àfonífojì Elan àti Claerwen. Ilé ọlọ́lá 3, oko 18, ilé-ìwé kan àti ṣọ́ọ̀ṣì kan ni a wó. Nǹkan bí 100 ènìyàn ni ó sì ṣí lọ. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ gba owó. Àwọn tí ń yá ilẹ̀ dáko kò gba nǹkan kan. Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Elan, onílé kò ní ẹnu tí yóò fi kọ̀.

Ọba Edward Keje ṣí iṣẹ́ omi náà ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, ọdún 1904. Máìlì 73 ni omi náà ń rìn dé Birmingham láìsí ẹ̀rọ tí ń fà á, nítorí pé ibi tí ó ti ń bọ̀ ga ju ibi tí ó ń lọ. Ó gba ẹ̀mí púpọ̀ là. A kò gbọdọ̀ sẹ́ èyí.

Ẹyẹ kan wà tí ìdákẹ́jẹ́ òkè náà ṣe lóore. Òun ni àwòdì pupa, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì. Nígbà kan rí, ó pọ̀ ní London, ó ń ṣa ìdọ̀tí ìgboro jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀tá: wọ́n ń yìnbọn fún un, wọ́n ń fún un ní májèlé, wọ́n ń kó ẹyin rẹ̀. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, ó ti tán ní England àti Scotland. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù ní àfonífojì òkè Tywi àti àyíká rẹ̀. Ní ọdún 1903, a dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti dáàbò bò ó, a sì ń fún àgbẹ̀ tí kò bá jẹ́ kí a tú ìtẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bùn owó. Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ti ire ni wọ́n ń wò ó níhìn-ín. Láti ọdún 1989 ni a ti kó irú rẹ̀ wá láti Sweden àti Spain sí Scotland àti England. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni ó ń fò ní ilẹ̀ Britain.

Irú àwọn àgbẹ̀ tí a kò kà sí nígbà tí a ń pín owó ilẹ̀ ni a tún ké sí láti ṣọ́ ẹyẹ. Títí di òní, àwọn tí ń wá ibi gbin igbó àti ibi ri òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń wo òkè wọ̀nyí. Ìbéèrè tí a kò bi dáadáa ní ọdún 1892 ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi: ta ni ń gbé ibẹ̀?